Bí Òṣíbàtà Ṣe Ń Bímọ

Bí àgbà bá ń súre fún ọmọ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, kì í pẹ́ kó tó dárúkọ ojú oró àti òṣíbàtà, ewéko ojú omi méjì, nítorí pé wọn kì í rì. Síbẹ̀ ìgbésí ayé àwọn méjèèjì yàtọ̀. Gbòǹgbò ojú oró rọ̀ sínú omi láìkan ilẹ̀. Ti òṣíbàtà wà nínú ẹrẹ̀. Ọ̀pá ewé rẹ̀ tó gùn ló gbé e dókè. Ìdí nìyí tó fi fẹ́ràn omi tí kò jìn, tí kì í ṣàn, irú èyí tí à ń rí létí dáàmù Erelú ní Ọ̀yọ́ àti dáàmù odò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Òdòdó rẹ̀ funfun báláú. Ìrọ̀lẹ́ ló ń là. Bí oòrùn òwúrọ̀ bá ti mú, yóò padé. Òórùn dídùn rẹ̀ ló fi ń pe àlejò lóru. Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Côte d'Ivoire kọ ọ́ jáde pé kòkòrò kan tó jẹ́ ìbátan yímíyímí, Ruteloryctes morio, ló ń wọ inú òdòdó náà, pé oyin pẹ̀lú ń wá síbẹ̀.

Òdòdó kan náà ló ní akọ, òun náà ló ní abo, ṣùgbọ́n abo ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Lóru àkọ́kọ́, omi máa ń wà láàárín rẹ̀ bí ìgbà tí a bu omi sínú ife. Kòkòrò tó bá ti òdòdó mìíràn bọ̀ tó jìn síbẹ̀, omi yóò fọ lẹ́búlẹ́bú akọ tó gbé wá kúrò lára rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú yìí ló ń sọ abo di aboyún. Lẹ́yìn èyí ni omi náà yóò gbẹ, tí akọ yóò wá máa da lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ sára àwọn àlejò.

Bí iṣẹ́ bá parí, òdòdó yóò wọ omi lọ. Abẹ́ omi ni èso ti ń gbó. Bó bá bẹ́, irúgbìn wínníwínní yóò léfòó jáde, nítorí àpò tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Atẹ́gùn àti ìgbì yóò gbé wọn kiri títí àpò náà yóò fi jẹrà. Wọ́n á wá rì sínú ẹrẹ̀.

Nítorí náà, apẹja tó bá fi àdá gé ewé òṣíbàtà kí ọkọ̀ rẹ̀ lè kọjá, ọ̀nà ọjọ́ díẹ̀ ló là. Ìdí òṣíbàtà ṣì wà nísàlẹ̀, irúgbìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí.