"Wọ́n ti yọ wọ́n": bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa yíyàn àti yíyọ mínísítà ní Bẹ̀nẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí dá lé àwọn ọ̀rọ̀ tí àwa tí a ń sọ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ ń lò nígbà tí Ààrẹ bá yan àwọn mínísítà, tó bá pààrọ̀ wọn, tàbí tó bá ní kí wọ́n máa lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ rédíò àti ìwé ìròyìn Nàìjíríà wá, wọ́n sì dára níbi tí wọ́n ti wá. Èrò mi ni pé bí díẹ̀ nínú wọn bá ti kọjá ẹnubodè, wọ́n máa ń sọ ohun tí òfin ilẹ̀ wa kò sọ, tí olùgbọ́ yóò sì di ẹ̀bi ru ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Ẹ jẹ́ kí n mú "cabinet" ṣáájú. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo àwọn mínísítà lápapọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ní Nàìjíríà pé gómìnà "tú kábínẹ́ẹ̀tì ká". Ní Àjàṣẹ́, tí Faransé jẹ́ èdè ilé ìwé wa, "cabinet" mínísítà ni àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó yí i ká nínú ọ́fíìsì rẹ̀: olùdarí, àwọn olùdámọ̀ràn, akọ̀wé. Òun náà ni yàrá tí dókítà ti ń wo aláìsàn àti ọ́fíìsì lọ́yà. (Mi ò ní sọ ti ilé ìyàgbẹ́, tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Faransé pẹ̀lú.) Ẹni tó bá gbọ́ ní Porto-Novo pé wọ́n tú "cabinet" ká lè rò pé mínísítà ṣì wà níbẹ̀, pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló lọ.

Kọmíṣánnà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà, òun ló dúró fún gómìnà bí mínísítà ṣe dúró fún Ààrẹ. Lọ́dọ̀ wa, "commissaire" ni ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn tí Rotimi Akeredolu kú ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Lucky Aiyedatiwa di gómìnà Oǹdó, ó sì tú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ká ní oṣù kìíní ọdún 2024. Nígbà tí ìròyìn náà dé Tokpota pé gbogbo kọmíṣánnà ti lọ, ìyá kan ní àdúgbò wa bi mí pé ta ni yóò wá máa mú olè níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Bí gómìnà fúnra rẹ̀ ṣe rí nìyẹn: Bẹ̀nẹ̀ ní ẹ̀ka ìṣàkóso 12, ẹni tí ìjọba àpapọ̀ yàn ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ará ìlú kò dìbò yàn án, kò sì ní mínísítà kankan lábẹ́ rẹ̀. Gómìnà tí àwọn àgbà wa mọ̀ ni ti àwọn Faransé, ẹni tí ààfin rẹ̀ ní Porto-Novo di ibi tí Ilé Aṣòfin ti ń jókòó.

Àwọn wọ̀nyí rọrùn láti tún ṣe, torí olùgbọ́ á tètè fura pé nǹkan kan kò bára mu. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ tí kì í fura sí: "fọwọ́ sí".

Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, gómìnà á kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ fi ṣe kọmíṣánnà ránṣẹ́ sí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀, Ilé náà ni yóò sì fọwọ́ sí i. Agbára gidi ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Ilé Aṣòfin Èkó gba 22 nínú orúkọ 39 tí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fi ránṣẹ́, wọ́n sì kọ 17. Ní Bẹ̀nẹ̀, abala 54 nínú òfin oṣù kejìlá ọdún 1990 ní kí Ààrẹ gbọ́ èrò àwọn olórí Ilé Aṣòfin kó tó yan mínísítà. Èrò lásán ni. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ ẹni náà, Ààrẹ ṣì lè yàn án. Nígbà tó bá sì fẹ́ yọ ọ́, òfin kò ní kó bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi gbólóhùn méjì yìí wéra: "Àwọn aṣòfin kò fọwọ́ sí i, síbẹ̀ ó di mínísítà", "Àwọn aṣòfin sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹ, síbẹ̀ ó di mínísítà". Etí mi ń gbọ́ ìwà àìtọ́ nínú ti àkọ́kọ́: ẹnì kan ti tẹ òfin lójú. Ti kejì kò sọ bẹ́ẹ̀, òun ló sì bá òfin wa mu. Nítorí náà, nígbà tí oníròyìn bá sọ pé Ilé Aṣòfin ti "fọwọ́ sí" àwọn mínísítà tuntun, ó ti fún àwọn aṣòfin ní agbára tí wọn kò ní. Bàbá kan tó bínú sí mínísítà sọ fún mi pé òun kò ní dìbò mọ́ fún aṣòfin àdúgbò òun, nítorí "òun ló fọwọ́ sí i". Ohun tí màá dábàá ni "gbọ́ èrò": Ààrẹ gbọ́ èrò àwọn olórí Ilé Aṣòfin, ó sì yan àwọn mínísítà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó bá wa mu ju ibi tó ti wá lọ. Òfin 1990 kò dá ipò "Premier ministre" sílẹ̀. Ààrẹ ni olórí ìjọba. Síbẹ̀ Kérékou fi Adrien Houngbédji, ọmọ Porto-Novo, sí irú ipò bẹ́ẹ̀ ní 1996. Boni Yayi fi Pascal Koupaki síbẹ̀ ní 2011, ó sì fi Lionel Zinsou síbẹ̀ ní 2015. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé Koupaki lọ́wọ́ ni kó máa bójú tó bí iṣẹ́ àwọn mínísítà ṣe ń lọ ní ìṣọ̀kan. "Olórí ìjọba" kò tọ́ fún un rárá, ṣùgbọ́n "olóòtú ìjọba" tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà sọ iṣẹ́ náà gan-an.

"Àtúntò" ńkọ́? Tún tò ni: àwọn ohun kan náà, ààyè wọn ló yí padà. Ó tọ́ bí mínísítà bá kúrò ní ilé iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí Boni Yayi ní kí gbogbo mínísítà lọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí Koupaki kò sì padà wá, "tú ká" ni, kì í ṣe àtúntò. Ti Olushegun Adjadi Bakari tó gba ipò mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè lọ́wọ́ Aurélien Agbénonci ní 2023, "rọ́pò" ni. Ti Candide Azannaï, tó kúrò nídìí ọ̀rọ̀ ààbò ní oṣù kẹta ọdún 2017, "fipò sílẹ̀" ni, torí ẹnikẹ́ni kò lé e.

Ó ku "wọ́n". Nínú Faransé, wọ́n á ní a ti fi òpin sí iṣẹ́ mínísítà kan, láìdárúkọ ẹni tó fi òpin sí i. Ó kéré tán, a mọ̀ pé ẹnì kan ni ọ̀rọ̀ kàn. Nínú Yorùbá, ọ̀wọ̀ kò jẹ́ kí oníròyìn pe Ààrẹ ní "ó", kò sì jẹ́ kó pe mínísítà bẹ́ẹ̀. Ó wá di "Wọ́n ti yọ wọ́n". Ọ̀nà mẹ́rin ló ṣeé gbọ́ sí: ẹnì kan yọ ẹnì kan, ẹnì kan yọ ọ̀pọ̀, ọ̀pọ̀ yọ ẹnì kan, ọ̀pọ̀ yọ ọ̀pọ̀. "Wọ́n" àkọ́kọ́ yẹn sì tún ni èyí tí a ń lò bí a kò bá fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni, bíi "wọ́n jí mi lówó". Òfin wa kò fún ju ẹnì kan lọ ní agbára yìí, gbólóhùn yẹn sì fi ẹni náà pamọ́ sẹ́yìn ọ̀wọ̀.

Àwọn kan ní kí a kúkú máa lo "ó" nínú ìròyìn. Kò ní rí bẹ́ẹ̀ ní Tokpota; àwọn àgbà á pa rédíò. Èyí tí mo fara mọ́ ni kí a má lo arọ́pò orúkọ níbẹ̀ rárá, kí a pe ipò méjèèjì: "Ààrẹ ti yọ mínísítà ètò ìlera". Kò rí ẹnikẹ́ni fín, ó sì sọ ẹni tó ṣe é.