Ọwọ́ Méjì Nínú Amọ̀ Kan: Iṣẹ́ Ladi Kwali àti Ìkòkò Ilé Wa

Ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ Kwara, bí owó ₦20 bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ yí i padà. Obìnrin amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó náà láti ọdún 2007 ni Ladi Kwali.

Ní nǹkan bí ọdún 1925 ni a bí i ní abúlé Kwali, láàárín àwọn Gbàgyí. Láti kékeré ni obìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀ ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ lásán ni ó fi ń to amọ̀ lé ara wọn, tí yóò sì máa rìn yí ìkòkò ká. Lẹ́yìn náà ni yóò fín alángbá, àkekèé àti ọ̀nì sí i lára. Iná ìta gbangba ni wọ́n fi ń sun ún.

Ní ọdún 1954, ó wọ ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, èyí tí a ń pè ní Suleja lónìí. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ mọ ìkòkò, bí a ṣe ń fi ìléru gbígbóná gan-an sun ún, àti bí a ṣe ń kùn ún títí tí ara rẹ̀ yóò fi dán bíi dígí. Síbẹ̀, kò fi ọwọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nílé sílẹ̀: ó ń to amọ̀, ó sì ń fín ọnà rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Kí ni àdàlú ogún méjèèjì yìí yí padà? Ìkòkò tí a sun ní gbangba ní ihò tín-tìn-tín lára. Omi ń yọ sí ìta, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, èyí sì ni ó ń mú omi inú rẹ̀ tutù. Èyí tí a kùn, tí a sì sun nínú ìléru, kì í jẹ́ kí omi yọ. Ó dára fún ife, àwo ọbẹ̀ àti ìkòkò tíì, ṣùgbọ́n kò lè mú omi tutù bíi ti àkọ́kọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Irú ìpàdé ogún bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa ní Ìlọrin, ìlú Yorùbá, Fúlàní, Hausa àti Nupe. Ní Dada, ní Òkèlélé, àwọn ìyá wa ṣì ń mọ ìkòkò lọ́wọ́, wọ́n sì ń sun ún ní gbangba. Ike àti irin ti gba ipò púpọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọ̀dọ́ kọ́ ìmọ̀ tuntun kún ti ilé, bí Ladi Kwali ti ṣe. Ohun tí a kò gbọdọ̀ pàdánù ni ọwọ́ àkọ́kọ́, nítorí iṣẹ́ kan wà tí òun nìkan lè ṣe.