Ẹ̀kọ́ Information Systems: ṣé owó oṣù ọmọ máa lè san gbèsè tó fi kàwé?

Láti ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, tí àjọ NELFUND, ìyẹn àjọ tíjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ láti máa yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ti ṣí ojú òpó rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ fún gbogbo oníṣòwò kéékèèké tọ́mọ rẹ̀ bá wọ yunifásítì ìjọba: ṣé kí ọmọ yá owó náà ni, àbí kí òbí yọ ọ́ nínú owó ọjà? Ká tó lè dáhùn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ̀kọ́ náà lè mú wọlé. Ẹ̀kọ́ Information Systems la fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé púpọ̀ nínú àwọn òbí gbà pé ohun tó bá ti jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, owó ló máa ń yọrí sí.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe Computer Science gan-an. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni bí iléeṣẹ́ ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mọ ọjà tó kù nílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń san owó òṣìṣẹ́, àti bí ọ̀gá ṣe máa rí ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ kó tó ṣèpinnu. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí àjọ NUC gbé jáde lọ́dún 2022, wọ́n dá a dúró láyè ara rẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ákùúrẹ́ wà lára àwọn tó ń kọ́ ọ. Báńkì, iléeṣẹ́ tẹlifóònù, iléeṣẹ́ ìjọba àtàwọn iléeṣẹ́ tó ń fi fóònù sanwó fúnni ló máa ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́.

Ní ti ẹ̀yáwó náà, òfin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kọ́kọ́ fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà, ọdún 2023, le díẹ̀. Ìdílé tówó tó ń wọlé fún wọn bá ti ju 500,000 náírà lọ lọ́dún ò lè yá a, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú onídùúró wá. Òfin tuntun tó fọwọ́ sí lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, ti yọ méjèèjì kúrò. Owó náà ò ní èlé. Àjọ náà máa san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì fẹ́ lè gba 20,000 náírà lóṣù fún oúnjẹ àti ìnáwó mìíràn. Kò tíì sí fáwọn tó wà ní yunifásítì aládàáni. Sísan rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tí ọmọ bá ti parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n á sì máa yọ. Ẹni tó ń san ìdámẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀ á wá máa san méjì nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán làwọn iye tá a fẹ́ lò yìí o, kí kálukú fi tiẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ká ní owó ilé-ìwé jẹ́ 150,000 náírà lọ́dún, tí ọmọ sì lo ọdún mẹ́rin, 600,000 náírà nìyẹn. Tó bá tún ń gba 20,000 náírà fún oṣù mẹ́wàá lọ́dún kọ̀ọ̀kan, 800,000 náírà ló máa fi kún un. Àpapọ̀ gbèsè di 1,400,000 náírà. Ẹ ò rí i pé owó oúnjẹ ló pọ̀ ju owó ilé-ìwé lọ! Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ òbí kì í wò.

Tí ọmọ náà bá ríṣẹ́ tó ń san 150,000 náírà lóṣù, 15,000 ni wọ́n máa yọ. Ó máa lò tó ọdún méje àtoṣù mẹ́sàn-án kó tó bọ́ nínú gbèsè. Tó bá jẹ́ 300,000, kò ní pé ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 70,000 náírà, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lọ tíjọba fọwọ́ sí lóṣù Keje, ọdún 2024, ẹgbẹ̀rún méje ni wọ́n á máa yọ, ó sì máa lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún. Ká ní ọmọ náà ò gba owó oúnjẹ rárá, tó ń gba 150,000 lóṣù, ogójì oṣù péré ni. Bí òbí bá lè máa gbé gàrí àti ẹ̀wà ránṣẹ́ látilé, kó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọmọ yá owó ilé-ìwé nìkan.

Àwọn kan á ní àwọn ò fẹ́ gbèsè ìjọba, wọ́n á gba ilé àwọn tó ń yáni lówó lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ìyẹn náà. Ẹni tó yá 150,000 lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba náírà mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù máa san 6,000 náírà èlé lóṣooṣù. Lọ́dún kan, 72,000. Fún ọdún mẹ́rin, 288,000 náírà lọ sórí èlé nìkan, oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ni sísan sì máa bẹ̀rẹ̀, inú ọjà ló sì ti máa jáde. Ti NELFUND ò lélé, àfikún sí i ni pé ọjà tó ń gbówó lórí ń jẹ gbèsè náà mọ́lẹ̀. Lóṣù Kejìlá, ọdún 2024, ìwọ̀n ọ̀wọ́n gógó ọjà tí àjọ NBS kéde jẹ́ 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí ẹ bá yá lónìí, tí ẹ sì san lọ́dún mẹ́fà sí i, kò lè ra ohun tó rà lónìí mọ́. Ẹni tó bá jẹun nínú ẹ̀yáwó tí ò lélé ti jèrè díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń tajà àwìn mọ ẹni tí ẹ̀gbin irú èrè bẹ́ẹ̀ máa ń dé bá.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú ìṣirò yìí kì í ṣe gbèsè, àkókò ni. Ká ní ọmọ tó kọ́ṣẹ́ títún fóònù ṣe lè máa pa 90,000 lóṣù láìlọ sí yunifásítì. Ọdún mẹ́rin tó fi jókòó ní kíláàsì ti gba 4,320,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jáde, tó ń gba 150,000, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún péré ni ìwé fi kún un lóṣù. Ọdún mẹ́fà ló máa tó rí owó ọdún mẹ́rin náà gbà padà, kí gbèsè tó tún wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ò tíì ka ìyanṣẹ́lódì mọ́ ọn. Èyí táwọn olùkọ́ yunifásítì ṣe lọ́dún 2022 gba oṣù mẹ́jọ.

Fún ìdí èyí, kí òbí má ṣe bi ọmọ pé ẹ̀kọ́ wo ló dára. Kó lọ bá àwọn tó ti jáde ní ẹ̀ka yẹn, nílé-ìwé yẹn, láti ọdún méjì sẹ́yìn, kó bi wọ́n léèlò ni wọ́n ń gbà. L'Amẹ́ríkà, ìjọba ní ojú òpó kan tí wọ́n ń pè ní College Scorecard, níbi tí wọ́n ti ń ka owó oṣù àti gbèsè àwọn tó jáde sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu la fi ń bèèrè. Ọmọ tí ò dá lójú lè kọ́kọ́ dán 3MTT wò, ètò ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà tíjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹwàá, ọdún 2023, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun kan tún kàn yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá gba ọmọ tó jẹ gbèsè yìí síṣẹ́ ló máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá náà látinú owó oṣù rẹ̀, tó sì máa fi ránṣẹ́ sí àjọ náà. Tó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù yín ni ọmọ yín wá jókòó sí, tàbí tó dá tiẹ̀ sílẹ̀, èrè oṣooṣù rẹ̀ ni wọ́n á máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí ẹ̀, kì í ṣe iye ọjà tó tà. Ìwé tí ẹ ń kọ owó tó wọlé àtèyí tó jáde sí ni wọ́n á fi mọ èrè yẹn, nítorí náà kò yẹ kó jẹ́ orí ni ẹ ń kó o sí.