Ìdí tí Kọ̀ǹpútà fi Ń Kùnà láti Rí Fáìlì Alámì Ohùn: Ìtọ́sọ́nà fún Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáárà
Àjọ Paradigm Initiative Nigeria, tí a dá sílẹ̀ ní 2007, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìmọ̀ náà wúlò fún olùkọ́ Yorùbá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àkọtọ́ Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ọ̀kan nínú wọn: àṣìṣe tí ó ń wáyé nígbà tí fáìlì kan bá ń pe òmíràn wọlé.

Bí Àṣìṣe náà ṣe Ń Wáyé
Bí àpẹẹrẹ, olùkọ́ kan ní Ajégúnlẹ̀ lè fi Org-mode, ètò tí Carsten Dominik gbé kalẹ̀ ní 2003, kó ìwé iṣẹ́ rẹ̀ jọ lórí Mac àtijọ́ kan. Orí kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì tirẹ̀, fáìlì àgbà sì ń fi àṣẹ #+INCLUDE: "ẹ̀kọ́1.org" pè é. Nílé, gbogbo rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán láìsí ìdíwọ́. Nígbà tí ó dì wọ́n sínú zip, tí ó fi ránṣẹ́ sí ibi ìtẹ̀wé ní Apápá, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ní òun kò rí fáìlì náà, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú fódà kedere.

Ohun tí Ó Fà Á
Ohun mẹ́ta ni ó yẹ ní yíyẹ̀wò. Èkíní ni àdírẹ́sì: bí àṣẹ bá dárúkọ fódà tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé nìkan, kò lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Èkejì ni lẹ́tà ńlá àti kékeré: Windows sábà máa ń ka Ori1 àti ori1 sí ọ̀kan náà, Linux kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àmì. Nínú Unicode, "ẹ" lè jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo (U+1EB9). Ó sì lè jẹ́ "e" (U+0065) tí a so àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) mọ́. Ojú kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n Windows àti Linux kà wọ́n sí orúkọ méjì. HFS+, ètò ìpamọ́ fáìlì tí Mac ń lò kí APFS tó rọ́pò rẹ̀ ní 2017, máa ń tú orúkọ fáìlì sí ọ̀nà kejì, ó sì ń gba méjèèjì. Ìdí nìyí tí àṣìṣe náà kò fi hàn nílé.

Àtúnṣe
Kí a kó gbogbo fáìlì sínú fódà kan. Kí a fún wọn ní orúkọ aláìlámì, bí ori1.org, kí a kọ orúkọ nìkan sínú àṣẹ, kí a sì fi UTF-8 pa iṣẹ́ náà mọ́.

Àgbálọgbábọ̀
Orúkọ fáìlì nìkan ni àmì lè kúrò lára rẹ̀. Bí a bá tìtorí àṣìṣe yìí yọ àmì kúrò nínú ẹ̀kọ́, báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀?