Bí A Ti Lé Sòbìà Lọ: Àsọyé fún Àwọn Ará Ìjẹ̀dẹ́ Lórí Ìṣòro Ìlú



Nígbà tí ìlú bá pé jọ láti gbìmọ̀ lórí ìṣòro kan, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Èló ni a ó dá?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ta ni ìṣòro náà ń bá jà? Níbo ni wọ́n ń gbé? Ọ̀nà wo ni ó gbà wọlé? Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ wa hàn yín, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba wa wí pé bí sòbìà yóò bá degbò, olúgàńbe ni à á ké sí. Òwe náà jẹ́rìí pé àìsàn yìí ti pẹ́ láàárín wa. Ó sì jẹ́rìí pẹ̀lú pé nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó degbò ni a tó ń wá olùrànlọ́wọ́. Aràn náà lè gùn tó mítà kan. Ẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń gbà jáde. Kò sí oògùn tí ń pa á nínú ara. Igi tín-ín-rín ni a fi ń ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá bọ́ sí àkókò iṣẹ́ oko, àgbẹ̀ a dùbúlẹ̀, oko rẹ̀ a sì di igbó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣan ara ni sòbìà, tí a bí mọ́ olúkúlùkù. Olùkọ́ tí ó bá fi èyí rẹ́rìn-ín ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, nítorí pé ó tó nǹkan bí ọdún kan láti ọjọ́ tí a mu omi náà títí di ọjọ́ tí aràn yọrí. Ta ni ń rántí omi tí ó mu ní èṣí? Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ẹni tí egbò rẹ̀ ń jó bí iná wọ inú adágún omi kí ara lè tù ú, aràn náà sì tú ọmọ rẹ̀ sínú omi. Àwọn kòkòrò kéékèèké inú omi gbé ọmọ aràn mì. Ènìyàn sì gbé kòkòrò mì pẹ̀lú omi. Nítorí náà, bí ẹni tí ó ní egbò kò bá wọ omi, tí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ sì sẹ́ omi rẹ̀ kí ó tó mu ún, ọ̀nà ti dí mọ́ sòbìà.

Ní ọdún 1985 ni a ṣe àpéjọ àkọ́kọ́ ní Ìlọrin lórí rẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ìwé àwọn ilé ìwòsàn kò fi ju ìwọ̀nba díẹ̀ hàn. Báwo ni yóò ti pọ̀, nígbà tí ẹni tí sòbìà mú kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn? Nígbà tí a rán ènìyàn láti abúlé dé abúlé ní ọdún 1987 sí 1988, iye àwọn tí a kà ju 650,000 lọ. Ẹ kíyè sí i pé àìsàn kò pọ̀ sí i ní ọjọ́ tí a kà á. Ojú wa ni ó là.

Ìdèrè ní Ìbàràpá ti ṣe ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ará ìlú gbìmọ̀. Àwọn aránṣọ ìlú náà fúnra wọn rán aṣọ asẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí a yàn láàárín àwọn ará abúlé sì tà á. Kànga dára ju aṣọ lọ, èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kànga gba owó àti àkókò, ẹ̀rọ rẹ̀ a sì máa bàjẹ́. Bí a kò bá ti yan ẹni tí yóò tún un ṣe, àti àpò tí owó àtúnṣe yóò ti wá, àwọn obìnrin yóò padà sí adágún omi ní ọjọ́ kejì. Asẹ́ ni ìlú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìrànlọ́wọ́ pọ̀ sí i: Jimmy Carter, tí ó ti jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà rí, àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé àwọn abúlé. A sì fi oògùn tí ń pa kòkòrò náà sínú adágún omi.

Apá tí ó ṣòro jù ni ìgbà tí ó kù díẹ̀, nítorí pé ó rẹ ènìyàn láti máa ṣọ́ ohun tí kò rí mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. A kò dẹ́kun ìṣọ́. A tilẹ̀ ń fi owó ta ẹni tí ó bá mú ìròyìn wá lọ́rẹ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé sòbìà kò sí ní Nàìjíríà mọ́.

Bí ẹ bá wá rí i ní Ìjẹ̀dẹ́ níhìn-ín, ní etí ọ̀sà, pé inú ń ṣu àwọn ọmọdé ní ọdọọdún, ẹ má tíì pe agbẹ́kànga. Ẹ yan ọ̀dọ́ méjì tí ó mọ̀wé kọ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n lọ láti ojúlé dé ojúlé. Kí wọ́n kọ iye ọmọ tí ó ṣàìsàn, oṣù tí ó jẹ́, kànga tí wọ́n ń pọn, àti bí ṣáláńgá ti jìnnà sí kànga náà tó. Ọjọ́ Sátidé méjì tó fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn èyí ni kí a ka ìwé náà sókè ní gbangba níwájú gbogbo ìlú, kí a tó sọ̀rọ̀ owó.