Ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́
Amọ̀ sísun. Ilẹ̀ Yorùbá.

Irú ìkòkò yìí ni wọ́n fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi, wọ́n á fi ewé bò ó títí yóò fi hù. Bí ó bá ń hù, èròjà tó ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà á jáde. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sì sẹ́ ẹ.

Bí omi rẹ̀ bá tutù, wọ́n á dà á sínú ìkòkò. Ìwúkàrà tó kù nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ìṣáájú tí wọ́n fi sí i á jẹ ṣúgà náà, á sì sọ ọ́ di ọtí. Àmì rúsúrúsú tó yí ọrùn inú ìkòkò po ni ibi tí ìfòfó ń ga dé.

Bí kò bá hó, ó lè jẹ́ pé omi náà gbóná jù nígbà tí wọ́n dà á, tí ooru sì pa ìwúkàrà. Bí ó bá kan gógó, ó ti pẹ́ jù, tàbí kòkòrò àìfojúrí mìíràn ti wọ̀ ọ́. Ihò wẹ́wẹ́ ara amọ̀ ń jẹ́ kí ọtí tutù, ṣùgbọ́n ó ń gba ìdọ̀tí mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò fi gbọ́dọ̀ mọ́, kó sì gbẹ dáadáa.