A Yan Án, A Ò Dín In: Dónọ́ọ̀tì Tí Ìyé Lè Bá Wa Jẹ

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ sá aṣọ lẹ́yìn ilé wa ní Kabba, mo bá Ìyé níbẹ̀. Ìyé là ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa níbí. Ìyá ọkọ mi ni mò ń wí. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ń jẹ dónọ́ọ̀tì. Bí wọ́n ṣe gbúròó ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ti ìyókù bọ abẹ́ ìborùn. Èmi ni mo sì dín dónọ́ọ̀tì náà láàárọ̀ fún àwọn ọmọ.

Ojú tì mí ju bó ṣe ti àwọn fúnra wọn lọ. Àgbà tó jẹ́ pé àwọn ló ń dá obì fún gbogbo ilé lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń pín oúnjẹ kárí tọmọdé tàgbà, àwọn ló wá ń fi oúnjẹ pamọ́ jẹ.

Ohun tó fà á nìyí. Dókítà ti sọ fún wa pé Ìyé ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lo oògùn wọn, kí wọ́n dín ṣúgà, iyọ̀ àti òróró kù. Àwa tó wà nílé wá sọ ara wa di ọlọ́pàá, èmi sì ni ọ̀gá wọn. Ìgbàkígbà tí a bá ń pín nǹkan dídùn, a óò fo Ìyé. A rò pé ìfẹ́ ni. Nígbà tó yá, Ìyé ò bá wa jókòó lórí ẹní mọ́. Tí a bá ti bọ tán, wọ́n á ní ó rẹ àwọn, wọ́n á wọlé lọ.

Mo jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, “Ìyá Ìbejì, ebi kọ́ ló ń pa mí. Kí ẹ máa pín nǹkan, kí ẹ máa fò mí, òun ni mi ò fẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Mo rò ó pé ta ló yẹ kó mọ̀ nípa èèwọ̀ oúnjẹ tó àwa oníṣẹ̀ṣe? Ilé ìyá wọn ní Ìgbómìnà ni Ìyé ti bá Ọbàtálá wá. Láti kékeré ni wọn kì í ti í mu ẹmu. Oúnjẹ òrìṣà náà, a kì í fi iyọ̀ sí i, a kì í fi epo pupa sí i. Òrí la fi ń sè é. Kò sí ẹnì kan nílé yìí tó rí i bí ìyà rí. Tí a bá ń bu ẹmu, a óò bu omi tútù fún Ìyé, wọ́n á sì bá wa mu ún. Èèwọ̀ sọ ohun tí èèyàn kì í jẹ. Kò sọ pé kó lọ dá jókòó. Ibẹ̀ la ti ṣì í ṣe. Ọ̀rọ̀ dókítà náà, èèwọ̀ mìíràn ni. Iṣẹ́ mi ni láti wá ohun tí Ìyé lè fi bá wa jókòó.

Bí mo ṣe ní màá yí dónọ́ọ̀tì wa padà báyìí, Kẹ́hìndé mi béèrè pé, “Ṣé àkàrà ìbejì náà lẹ máa yan ni?” Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ìyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ti ìbejì, bí a ṣe bá a la ó ṣe é. Dónọ́ọ̀tì ńkọ́? Òrìṣà wo ló ń jẹ ẹ́?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọwọ́ àwọn òyìnbó ni dónọ́ọ̀tì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Atukọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Hanson Gregory, ló sọ pé òun lòún kọ́kọ́ dá ihò sí àárín rẹ̀ lọ́dún 1847, nítorí pé àárín kì í jinná. Lọ́dún 1917, nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn obìnrin Salvation Army ń dín in fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Faransé. Kò sí baba ńlá wa kankan tó máa bínú bí a bá tún un ṣe.

Àkàrà ní tiẹ̀ yàtọ̀. Ó bá àwọn èèyàn wa sọdá òkun dé Bahia ní Bùràsíìlì, acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Inú epo pupa ni wọ́n ṣì ń dín in sí, wọ́n sì ń fi í bọ Ọya, tí wọ́n ń pè ní Iansã. Lọ́dún 2005, ìjọba Bùràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in mọ́ ogún orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, lórí àtẹ àwọn obìnrin yẹn kan náà, abará wà níbẹ̀: ẹ̀wà lílọ̀ kan náà ni, ewé ni wọ́n fi pọ́n ọn, wọ́n sì sè é dípò kí wọ́n dín in. Àwa náà ní àkàrà, a ní ọ̀ọ̀lẹ̀. Àwọn ìyá wa ò fi ìgbà kan gbà pé inú òróró nìkan ni nǹkan ti ń dùn.

Kí ló burú nínú dídín gan-an? Tí ìyẹ̀fun tí a pò bá wọ òróró gbígbóná, omi inú rẹ̀ á máa jáde, òróró á sì máa wọ àyè tí omi fi sílẹ̀. Tí òróró ò bá gbóná tó, ó máa pẹ́ nínú rẹ̀, á sì fa òróró púpọ̀ mu. Ṣíbí ìjẹun òróró 1 péré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 120. Ẹ tún wo àwa tí a máa ń da òróró àná pa mọ́, tí a óò tún lò ó títí á fi dúdú. Èyí náà ò dára fún ara. Tí a bá yan dónọ́ọ̀tì, òróró tí a fọwọ́ ara wa wọ̀n sínú rẹ̀ nìkan la máa jẹ.

Èyí ni mo ń lò báyìí. Ó máa ń fún mi ní dónọ́ọ̀tì 16:

Fúláwà, kọ́ọ̀bù tíì 4 (bíi gíráàmù 500)
Ọ̀dùnkún tí a sè tí a sì gún kúnná, kọ́ọ̀bù 1
Mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ààbọ̀ kọ́ọ̀bù sí kọ́ọ̀bù kan
Yíìsì, ṣíbí tíì 2
Ṣúgà, ṣíbí ìjẹun 3
Òróró tàbí bọ́tà yíyọ́, ṣíbí ìjẹun 3
Ẹyin 1
Iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì

Ọ̀dùnkún yìí, tí àwọn mìíràn ń pè ní ànàmọ́, òun ló jẹ́ kí n lè dín ṣúgà kù. Ó ń mú adùn wá, kì í sì í jẹ́ kí dónọ́ọ̀tì tètè gbẹ.

Ẹ da yíìsì àti ṣúgà díẹ̀ sínú mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kó má gbóná jù, nítorí omi gbígbóná ń pa yíìsì. Láàárín ìṣẹ́jú 10, ó yẹ kó ti máa hó. Tí kò bá hó, yíìsì náà ti kú, ẹ wá òmíràn. Ẹ po gbogbo èyí tó kù pọ̀, kí ẹ máa da mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, torí ọ̀dùnkún ní omi nínú. Ẹ fọwọ́ pò ó fún ìṣẹ́jú 10. Ó máa kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ má torí ìyẹn da fúláwà rẹpẹtẹ sí i. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí á fi wú di ìlọ́po méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìgò yí i mọ́lẹ̀ kó nípọn tó ìka kan, ẹ fi ẹnu kọ́ọ̀bù gé e, ẹ fi ìdérí ìgò dá ihò sí àárín. Ẹ tò ó sórí páànù tí ẹ ti fi òróró pa, ẹ bò ó, kó tún wú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹni tó ní ófùn, kó yan án ní ìwọ̀n 180 fún ìṣẹ́jú 12 sí 15. Èmi ò ní ófùn. Ìkòkò àtijọ́ kan tí ìdí rẹ̀ nípọn ni mo ń lò. Mo da yanrìn tí mo ti fọ̀ tí mo sì ti sá gbẹ sí ìdí rẹ̀, kó jìn tó ìka méjì. Màá dé e, màá gbé e ka iná fún ìṣẹ́jú 15 kí yanrìn lè gbóná. Màá wá to òkúta kéékèèké mẹ́ta sórí yanrìn, màá gbé páànù lé e, màá dé e pinpin, màá sì rẹ iná sílẹ̀. Tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú 20 sí 25, ó ti jinná. Tó bá kù díẹ̀, màá ṣí i wò. Òórùn rẹ̀ náà á sọ fún yín.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. Mi ò dúró kó wú, mo tún da fúláwà sí i jù. Isàlẹ̀ jó, òkè le bí òkúta. Táíwò gbé ọ̀kan, ó fi lu tábìlì kọ́kọ́kọ́, Ìyé sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Dónọ́ọ̀tì tí a yan kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ. Fúláwà ṣì ni. Ọ̀dùnkún náà, ó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òróró rẹ̀ kéré, ṣúgà tí a fi sí ẹyọ kan sì fi díẹ̀ ju ààbọ̀ ṣíbí tíì lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ní kí ṣúgà tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ju bíi ṣíbí tíì 12 lọ, pé tó bá tiẹ̀ lè mọ sí 6, ó sàn jù. Ìgò mínírà kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹyọ kan ni Ìyé ń jẹ, lẹ́yìn oúnjẹ tó ní ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ nínú. Omi ni wọ́n fi ń sìn ín. Wọn ò fi oògùn wọn sílẹ̀, wọn ò sì yé lọ sí ọsibítù. Ẹni tó bá ní irú àìsàn yìí, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a bọ, obì sì yàn. Mo tẹ́ ẹní, mo gbé àwo dónọ́ọ̀tì kalẹ̀ níwájú Ìyé, mo ní kí wọ́n bá wa pín in gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n wò mí. Wọ́n pín in kárí, wọ́n fi tiwọn ṣe ìkẹyìn. Wọ́n bù ú jẹ, wọ́n jẹ ẹ́ mì, gbogbo wa ń wo ẹnu wọn.

“Kò dùn tó ti àná,” Ìyé wí. Wọ́n tún bù ú jẹ. “Ṣùgbọ́n mo rí i jẹ lójú gbogbo yín.”

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni àwọn àgbà wí. Kí Orí wa má jẹ́ kí ẹnu wa pa wá, kí ó má sì jẹ́ kí a fo ẹnikẹ́ni nígbà tí a bá ń pín. Tí ẹ bá dán an wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe àgbà ilé yín kó wá pín in. Àṣẹ o.